Orín Olówùú Pupa

Ẹni tó bá mọ ilé Adégbọlá lọ́nà Ofẹ̀ kò ní bèèrè ohun tó ń ba Ọláyẹmí lẹ́rù. Opó méjì ló ti wọ ilé náà, ṣíṣú ni Adégbọlá ṣú àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Èkínní gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ kò fi dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Èkejì ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ń dá ògiri lóhùn, nígbà tó sì yá kò dìde lórí ẹní. Ẹ̀yìn oko ni wọ́n sin wọ́n sí. Ta ló pa wọ́n? Èwo ni tèmi níbẹ̀! Ní Ṣàbẹ́, bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá délẹ̀, àwọn àgbà á gbójú sókè wo àpáta, wọ́n á ní ọyẹ́ ọdún yìí mà mú o.

Célestin, ọkọ Ọláyẹmí, ni ẹ̀gbọ́n Adégbọlá. Gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ènìyàn jà. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé tí ó jẹ iyán tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ó ní ohun kan ń rìn nínú òun. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń wá aṣọ funfun tí wọn yóò fi dì í.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n bu omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ sínú igbá, wọ́n gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Adjara, ẹ̀gbọ́n Célestin obìnrin, ló di igbá náà mú.

"Mu ún, ìyàwó. Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Ọláyẹmí fojú wá ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Òbí rẹ̀ ti kú. Kò bí ọmọ tó yè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù ti ránṣẹ́ pé kó má ṣe sá wá bá òun o, òun kò fẹ́ bá Adégbọlá fa wàhálà. Ó dijú, ó mu omi náà, ó sì tún mu èyí tó kù nísàlẹ̀ igbá nítorí pé Adjara ń wò ó. Kò kú. Àwọn kan nínú ẹbí ṣe bí ẹni tí inú wọn kò dùn pé kò kú.

Wọ́n fá orí rẹ̀ kodoro. Wọ́n ró aṣọ dúdú fún un, wọ́n fi í jókòó sórí ẹní tó ti ya nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí ọ̀fọ̀ yóò fi tán. Adjara ló ń ṣọ́ ọ. Adégbọlá kì í wọlé, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á wá dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé náà, á kọ́ lẹ́ẹ̀kan, á lọ. Ikọ́ yẹn nìkan. Ọláyẹmí á gbọ́ ọ, á sì fa aṣọ dúdú náà bo orí.

*

"Ẹ̀yin ọkọ mi," Ọláyẹmí sọ fún Adjara lọ́jọ́ kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ń pe ọmọ obìnrin ilé ọkọ rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé orín tí wọ́n ní opó ń mú fún mi."

Adjara kò fẹ́ràn àlàyé, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Bí ọ̀fọ̀ bá tán, ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣú opó á gé orín, á bó o, á so òwú pupa mọ́ ọn. Àgbà ilé náà á gé tirẹ̀ láti ara igi kan náà, á so òwú funfun mọ́ ọn. Orí opó ni àwọn orín náà yóò sùn sí mọ́jú ọjọ́ ìpinnu, kí òkú lè rí wọn. Bí opó bá mú pupa, ọkùnrin náà á rún orín lójú gbogbo ènìyàn, á tutọ́, á ní, "Mo gbà á." Ó di ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá mú funfun, ilé ló mú. Àgbà ilé á rún un, á ní, "Ilé gbà á," kò sì sí ọkùnrin tí yóò kan ilẹ̀kùn obìnrin náà mọ́ títí ayé.

"Ṣé àwọn ọkùnrin ilé yòókù á gé orín?"

Adjara rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Kí ni wọ́n ń wá lẹ́nu Adégbọlá? Pupa kan, funfun kan ni."

"Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jáde lẹ́nu ẹni tó rún orín ńkọ́?"

"A jẹ́ pé òkú kọ̀ ọ́ nìyẹn. Á di ti ẹnì kejì." Adjara sún mọ́ ọn. "Kí ló dé tí o fi ń bèèrè?"

Ọláyẹmí ní kò sí nǹkan kan. Ó ti pinnu. Funfun ni òun yóò mú. Bàbá Salifou, àgbà ilé, ọkùnrin tó ti gbó tó fi jẹ́ pé ọ̀pá ló ń mú un rìn, ti fi yé gbogbo ilé pé òun yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tilẹ̀ wà tó rò pé ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kó dé ìdí orín rárá. Suzanne ni, ìyàwó olùkọ́ kan tí ìjọba gbé wá láti Pọbẹ̀. Ó lọ sí bíró ìjọba, ó wọ bàtà rẹ̀ tó dára jù lọ, ó ní a ti gba òmìnira, ó ní ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá gba obìnrin kan. Akọ̀wé ibẹ̀ fetí sí i dáadáa. Ó ní òfin wà. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ nílé. Suzanne wá sọ ọ́ lójú fèrèsé, ó ń sunkún ju ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ.

"Ẹ má sunkún, Madamu," Ọláyẹmí ní. "Mo ṣì ní funfun."

*

Ohun tí Ọláyẹmí kò mọ̀ ni pé Adégbọlá náà mọ̀ pé funfun ni yóò mú. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ń wo obìnrin náà láti ọjọ́ tí Célestin ti mú un wọlé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dúró.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, nígbà tí eruku ọyẹ́ bo oòrùn lójú, ó wà ní Bẹsé, níwájú ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Moussa. Moussa kì í wo ojú ènìyàn. Ọwọ́ ló máa ń wò.

"Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi," Adégbọlá ní.

"Ọkàn obìnrin yẹn le. Fi ọkàn sílẹ̀." Moussa na ọwọ́ gba ohun tí Adégbọlá mú wá: erùpẹ̀ tí Ọláyẹmí tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú un lọ fá orí, àti òwú pupa. Ó fi ohun kẹta kún un, èmi kò ní dárúkọ rẹ̀. "Ọwọ́ ni ká pè. Jẹ́ kí ọkàn wà níbi tó wà, kó máa wò."

Ó ń fọwọ́ ra òwú náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ajá tó sùn lẹ́nu ọ̀nà dìde, ó lọ sùn síbòmíràn.

*

Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún Ọláyẹmí ti ṣàìsàn, bí a bá lè pè é ní àìsàn. Kò dùn ún, kò sì wú. Adjara gbé oúnjẹ fún un, ọwọ́ náà fo iṣu, ó ki ìka bọ epo pupa. Wọ́n sá ata sí ojú fèrèsé, ó bá ọwọ́ rẹ̀ láàárín ata. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé òun ti fa fọ́nrán òwú pupa kan yọ lára ẹní, òun dì í mú gírígírí. Ó fẹ́ jù ú nù. Àwọn ìka kò ṣí. Àfìgbà tó fi ọwọ́ òsì tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo gbé o!" ó ní. Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ wá ń bà á. Ó ń jókòó lé e, ó ń sùn lé e.

Ẹnì kan péré ló ń wọ yàrá náà yàtọ̀ sí Adjara: Ramatou eléwé, arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkè, tó ń kó ewé ìwẹ̀ opó wá nírọ̀lẹ́. Ọláyẹmí fi ọwọ́ náà hàn án. Ramatou kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Wọ́n ti pè é," ó ní. "Pupa ni yóò mú."

"Ẹ gbà mí, ìyá. Ẹ má jẹ́ kí n wọ ilé yẹn."

"Mi ò lè dá ọwọ́ tí wọ́n ti pè padà. Ẹni tó pè é mọṣẹ́." Arúgbó náà ń tú ewé sínú omi. "Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá mú pupa, ṣebí ó ku ẹnu?"

Ọláyẹmí lóye. Bí Adégbọlá bá rún orín tí kò lè sọ pé òun gbà á, òkú ló kọ̀ ọ́, funfun nìkan ló kù. Ojú rẹ̀ là fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọ̀fọ̀, Ramatou mú oògùn kan wá láàárín ewé, ẹ̀tù dúdú tí kò ju ohun tí èèrà mẹ́ta lè gbé lọ. "Fi pa orín olówùú pupa lára, kí o sì fọ ọwọ́ rẹ dáadáa. Gbọ́ o, ọmọ. Oògùn yìí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹnu nìkan ló mọ̀."

"Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi àti ẹni tó kọ́ mi jọ wá a títí ó fi kú." Ramatou gbé agbọ̀n rẹ̀. "Bí wọ́n bá sì bá a lọ́wọ́ rẹ, o kò mọ̀ mí. Opó tó ní oògùn lọ́wọ́ lónìí, wọ́n á ní ó ti ní in lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá Salifou gba orín Adégbọlá, ó fi tirẹ̀ kún un, ó gbé méjèèjì fún Adjara nínú igbá kékeré. Adjara gbé igbá náà sí ibi tí Ọláyẹmí ń gbórí sí, ó jáde lọ bu omi. Orín méjèèjì dọ́gba bí ìbejì, bí kò bá ṣe ti òwú. Alángbá kan já bọ́ láti àjà, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, kò sá. Ó ń mirí.

Ọláyẹmí fi ẹ̀tù pa pupa lára. Ó fi pa á lórí, ó fi pa á nídìí. Inú rẹ̀ dùn. Kí n má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

*

Ìdájí ni àwọn obìnrin ilé mú un lọ sódò láti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Òtútù ọyẹ́ ń gé ènìyàn lára. Wọ́n ń bu omi dà á lórí, wọ́n ń dárò Célestin, Adjara sì ń fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu Adjara wá sún mọ́ etí rẹ̀.

"Má yíjú. Bàbá Salifou ní kí o mú pupa."

Ọláyẹmí rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Kí lẹ wí?"

"Ó ti gbọ́ pé Adégbọlá lọ sí Bẹsé, pé inú òwú ni ohun tó gbà wà. Ló bá tú òwú méjèèjì kó tó gbé wọn fún mi. Ó so pupa mọ́ tirẹ̀, ó so funfun mọ́ ti Adégbọlá. Kí ọwọ́ rẹ máa lọ síbi tí wọ́n pè é. Orín ilé ló ń lọ bá."

Omi ń ṣàn lójú Ọláyẹmí, kò sì nu ún. Ó rò pé ẹ̀tàn ni. Obìnrin tó gbé omi òkú sí i lẹ́nu, ṣé òun ni yóò gbà á?

"Kí ló dé tí ẹ fi ń ràn mí lọ́wọ́?"

Adjara ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń ta á. "Èmi náà mu omi yẹn rí, nílé ọkọ tèmi. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ òwú fún mi." Ó bu omi dà á lẹ́yìn. "Àánú rẹ ń ṣe mí, ìyàwó. Ó ti ń ṣe mí láti ọjọ́ yìí. Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń fi í hàn ni."

Òótọ́ ni. Ọláyẹmí gbọ́ òótọ́ nínú ohùn náà, ayé sì dojú dé e lórí nínú odò yẹn. Orín ilé ló fi ẹ̀tù pa. Ẹnu Bàbá Salifou ló dì.

"Igbá orín dà?" ó bèèrè. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkọ mi!"

"Wọ́n ti gbé e lọ sí agbolé. Ojú gbogbo ènìyàn ló wà."

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ó rí àwọn obìnrin náà yí i ká, àwọn tó ti ń retí àṣìṣe rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti mu omi òkú tí kò kú, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

*

Agbolé kún. Suzanne dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Adégbọlá wọ agbádá tuntun, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bàbá Salifou wà lórí àpótí, ó ń wo Ọláyẹmí, ó sì rọra mi orí sí i bí ìgbà tí bàbá ń ki ọmọ láyà.

Wọ́n gbé igbá síwájú rẹ̀. Funfun: ilé lọ́nà Ofẹ̀, ògiri tí ń dáni lóhùn. Pupa: ẹ̀tù. Bí kò bá sì mú ọ̀kankan, àbúrò òkú ló ni ín bákan náà.

Ọlọ́run, ó ní nínú ara rẹ̀, jẹ́ kí Ramatou jẹ́ òpùrọ́. Jẹ́ kó jẹ́ eérú ìdáná lásán ló fún mi. Obìnrin tó fi tọkàntọkàn gba oògùn gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná wá ń gbàdúrà kí oògùn má jẹ́.

Kò tíì parí àdúrà tí ọwọ́ rẹ̀ fi lọ. Kò rán an. Ó wò ó bí ó ṣe ń lọ, ó mú pupa.

Ariwo sọ. Adégbọlá ti gbẹ́sẹ̀, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀, nígbà tí Bàbá Salifou fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Padà sẹ́yìn! Ẹ wo ìdí orín náà. Àmì ọ̀bẹ mi wà níbẹ̀. Orín mi ni. Èmi ni mo pààrọ̀ òwú, ẹni tó bá mọ ohun tó fi sínú òwú rẹ̀ kó jáde wá bá mi jà. Igi ni opó ń mú nílé yìí, kì í ṣe òwú!"

Àwọn àgbà wo ìdí orín náà. Àmì wà níbẹ̀. Wọ́n gbà. Ojú Adégbọlá pọ́n, ó pọ́n, ó sì funfun. Inú Suzanne dùn dé ibi pé ó pàtẹ́wọ́.

Bàbá Salifou gba orín lọ́wọ́ Ọláyẹmí. Ó rẹ́rìn-ín sí i. "Lọ sinmi, ọmọ mi," ó ní, ó sì gbé e lọ sẹ́nu.

Nísinsìnyí. Bí yóò bá pariwo, nísinsìnyí ni. "Ẹ má rún un, Bàbá!" Gbólóhùn kan péré. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Wọ́n á ní kí ló mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á wú ọ̀rọ̀ ikú Célestin jáde. Wọ́n á tún bu omi mìíràn.

Kò pariwo.

Bàbá náà rún orín, ó tutọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sórí Ọláyẹmí, ó la ẹnu. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Igun ẹnu kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà sísàlẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún gbìyànjú, omijé ti dé ojú rẹ̀, ohun tó sì jáde kò tó ìmí adìyẹ.

"Bàbá, ẹ wí i!" Adjara ké. "Ẹ wí i, ẹ jọ̀ọ́!"

Wọ́n dúró dè é. Ẹ má rò pé wọn kò dúró dè é. Wọ́n fún un ní omi, wọ́n pa á lẹ́yìn, oòrùn ga kúrò lórí òrùlé. Nígbẹ̀yìn, ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí dìde, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òkú ti kọ̀, àṣà kò sì mọ àánú. Wọ́n mú orín olówùú funfun, tí í ṣe igi Adégbọlá, nínú igbá, wọ́n nà án sí i.

Ó rún un. Ó tutọ́. Ó ní, "Mo gbà á," ohùn rẹ̀ sì já gaara dé ẹ̀yìn ilé.

*

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n mú un dé ilé tó wà lọ́nà Ofẹ̀. Àwọn obìnrin tó sìn ín wá kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti padà. Adégbọlá fún un ní àga. Kò jágbe mọ́ ọn, kò fọwọ́ kàn án. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó mú orín kan jáde, èyí tí orí rẹ̀ ti fọ́, tí itọ́ arúgbó ti gbẹ sí lára.

"Ilẹ̀ ni mo ti he é," ó ní. "Gbogbo wọn ń sáré tọ Bàbá lọ, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀." Ó tún gbé e sí imú, jẹ́jẹ́. "Ohun tí mo gbà ní Bẹsé, inú òwú ló wà. Èmi kọ́ ni mo pa èyí lára rẹ̀. Bàbá kò sì lè pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́."

Ọláyẹmí dìde lórí àga.

"Má bẹ̀rù. Èmi kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi ni ọ́." Ó wé orín náà sínú aṣọ, ó fi há àárín òrùlé, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan lè tó. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá di ẹrù rẹ, n ó gbé e lọ sí agbolé. N ó ní kí wọ́n wá wo ohun tó gba ohùn Bàbá Salifou, kí wọ́n sì tún bèèrè ohun tó pa Célestin lọ́wọ́ rẹ."

Ó ní kó lọ bu omi ìwẹ̀ wá fún òun. Òkùnkùn ti ń bo àpáta nígbà tí Ọláyẹmí jáde. Ọ̀nà gáà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ gbalaja, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó dúró wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bu omi náà, ó gbé e wọlé, Adégbọlá sì ti tẹ́ ẹní.